Ìwé Ìwọ̀n Ẹrù ní Morbi

Èmi ni mo ń wọn ọkọ̀ ẹrù lẹ́nu géètì.
Òfìfo wọlé, mo kọ ọ́.
Ẹ̀kún jáde, mo kọ ọ́.
(Ẹ̀kún ni mo wí o, ẹ má fi àmì ohùn ṣeré.)
Mo yọ òfìfo kúrò nínú ẹ̀kún,
èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n ń pè ní òwò.

Táìlì ni. Òní Póláńdì, ọ̀la Mombasa,
ọ̀tunla ìlú kan ní Mẹ́síkò tí ahọ́n mi ò gbé.
Ẹnìkan níbẹ̀ yóò bọ́ bàtà,
yóò fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ òtútù tó ti inú iná wa jáde,
yóò ní, “Ilé mi parí.”

Ààrò wa gùn bí òpópónà,
kì í sùn, kì í sinmi jẹun ọ̀sán.
Eruku rẹ̀ bà lé dóńgóyárò ẹ̀gbẹ́ ọ́fíìsì mi,
igi kékeré hu ewú ní òwúrọ̀ kan.

Rédíò Ramsing ọlọ́dẹ ń sọ̀rọ̀ lójú fèrèsé.
Ó ní ọrọ̀ ajé àgbáyé ń gòkè,
ó ní àwọn ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ló ń tì í lẹ́yìn,
pé bí kì í bá ṣe tiwọn, ayé ì bá ti jókòó.
Ó ń ka ìdá nínú ọgọ́rùn-ún
bí ẹni ń ka èso orí igi aládùúgbò.

Mo wo ìta.
Kanku ń bọ̀,
òṣùká aṣọ pupa lórí rẹ̀,
páálí mẹ́ta lórí òṣùká,
ọrùn dúró ṣánṣán bí ẹni tí kò ru nǹkan kan.
Ó wá láti Dahod, níbi tí òjò ti ń dá ọjọ́ tí kì í pé.
Ṣé òun náà ni wọ́n ní ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde?
Aago mẹ́rin ìdájí ló ti dìde.

Mo ní, “Kanku, rédíò ní orí rẹ layé wà.”
Kò yíjú. Ẹlẹ́rù kì í ṣàdédé yíjú.
Ó ní, “Sọ fún rédíò kó wá bá mi sọ̀.”

Ọdún tí owó gáàsì gun àjà
nítorí ìjà àwọn tí a kò mọ̀ rí,
a pa ààrò. Oṣù kan gbáko.
Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ ń dún.
Kanku di ìkòkò méjì, ó gba ọ̀nà Dahod lọ.
Awakọ̀ kan wá sọ fún mi pé
ní Póláńdì, àwọn tó ń lẹ táìlì
jókòó lórí garawa wọn, wọ́n káwọ́ gbera,
wọ́n ń bi ara wọn pé níbo ni ọkọ̀ ojú omi wà.
Àkàbà ni mo ti ń pè é látọjọ́ yìí: àwọn kan lókè, àwa nísàlẹ̀.
Okùn mà ni.
A fà á níhìn-ín, ó gbọ̀n lọ́hùn-ún.

Nígbà tí iná tún ràn, Kanku padà.
Lẹ́yìn odi ni wọ́n ń da àbùkù táìlì sí,
èyí tó lanu, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ṣàn kọjá ààlà.
Ibẹ̀ ló ti ń ṣà.
Mo dé yàrá rẹ̀ nígbà ọdún àtùpà:
aró Mẹ́síkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun Póláńdì,
òdòdó Mombasa tó já sí méjì,
igun kan ṣì jẹ́ amọ̀, ìgbẹ́ màlúù ni wọ́n fi pa á.
Sumli, ọmọ rẹ̀, ń fi ẹsẹ̀ kan fò láti ìlú dé ìlú.
Ó bi mí pé, “Èwo ni tiwa níbẹ̀?”

Ìwé mi kò ní ojú ìlà fún ìyẹn.
Ìyá rẹ̀ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tọ́ka sí igun amọ̀.
“Ìyẹn. Mo ń dúró de ọ̀kan tó pé.”

Fèrè ọkọ̀ dún lẹ́nu géètì.
Èmi náà dìde.