Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi wa mọ́tò Ọ̀jọ̀gbọ́n Morádékẹ́,
láti Yunifásítì gba Tákíè, gba Arówómọ́lẹ̀,
títí dé àwọn abà tí ọ̀nà ti ń di ipa ẹsẹ̀.
Pìjó ni. Ilẹ̀kùn òsì kì í ṣí
àfi tí mo bá fẹsẹ̀ tì í láti inú.
Ọdún kan náà la bí wa, ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní "ó" níbí.
Lọ́fíìsì, "ẹ" ni.

Ìwé tó kọ pọ̀. N ò lè ka ìdá mẹ́wàá wọn.
Wọ́n pè é dé Jọ́ọ̀sì, wọ́n pè é dé Kánádà,
ó ń kó káàdì orúkọ bọ̀, ó ń fi wọ́n sàmì sínú Bíbélì.
Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ló bá a wọ̀yá ìjà,
ìkẹsàn-án nínú fọ́ọ̀mù,
èyí tí òyìnbó fi gbólóhùn tó gùn bí ọ̀nà Ìlọrin béèrè
bóyá ènìyàn ti rò ó rí láti fọwọ́ ara rẹ̀ pa fìtílà ara rẹ̀.
Báwo la ṣe fẹ́ bi àgbẹ̀ tó jẹ gbèsè alájẹṣẹ́kù?
Báwo la ṣe fẹ́ bi ọmọ tó fìdí rẹmi nínú Jáḿbù lẹ́ẹ̀kẹta?
Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́.
Lọ́jọ́ kan, nílé epo ní Sábó, ó ju bírò sílẹ̀:
"Ayé sú mi! Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, Láṣùpọ̀.
Ẹnu wa ló wà látọjọ́ yìí."

Òwe kan náà tún wà tó ń bá fà á,
bí onílé ti ń bá ayálégbé aláìgbọràn fà á:
Ikú yá ju ẹ̀sín.
Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, nípàdé àwọn òbí:
"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ létí ọmọ mọ́.
Ẹ̀sín a máa ṣá bí aṣọ."
Bàbá kan ní, "Ṣé ìwé ni yóò wá kọ́ wa lówe?"
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ra àgádágodo ogójì,
ó pín wọn lábà, kí wọ́n fi ti àpótí oògùn oko,
kí ọwọ́ ẹni tí ayé sú má baà tètè tó o.
Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, àgádágodo yẹn ló yé mi jù.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, oòrùn ń ta, a dé abà Oníkáṣú
lọ́dọ̀ Ìyá Àyọ̀ká, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọkùnrin rẹ̀.
Ọ̀jọ̀gbọ́n ka ìkíní dé ìkẹjọ,
ìyá ń ya hóró káṣú kúrò lára èso, ó ń dáhùn.
Ó kan ìkẹsàn-án.
"Ó ti sú mi. Kọ ọ́ síbẹ̀.
Ìwọ ńkọ́? Ta ní ń bi ìwọ?"

Bírò ò rìn.
Ewúrẹ́ kan ń jẹ fọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, n ò lé e.
Nígbà tó pẹ́, mo gbọ́ ohùn tí n ò gbọ́ rí:
ó dárúkọ Oyèníran, àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún,
tí gbogbo wa mọ̀ pé mọ́tò ló pa á,
torí ohun tí wọ́n sọ fún ìlú nìyẹn.
Ìyá fi ọwọ́ tí oje káṣú ti sọ di dúdú
di ọwọ́ rẹ̀ mú.
A ò parí fọ́ọ̀mù náà.

Ó ti fẹ̀yìn tì, ó wà ní Ìsàlẹ̀ Afọ́n.
Pìjó ti di ilé adìyẹ.
Ṣùgbọ́n láago mẹ́fà ààbọ̀, fóònù mi á dún:
"Láṣùpọ̀, ṣé dáadáa lo jí?"
"Dáadáa ni. Ìwọ ńkọ́?"
Nígbà mìíràn, á ní, "Mo jí."
Nígbà mìíràn, á dákẹ́ díẹ̀,
màá sì máa wá bàtà mi.