Òkúta Ẹnu Ọ̀nà Ilé Ìdáná

Ọdún mọ́kànlélógójì ni òkun fi sanwó oṣù fún mi.
Ó sanwó, ó sì gba ìka méjì lọ́wọ́ mi
bí ẹni ń gba owó orí.
Ishbel wá ní kí èmi Wattie
tún padà lọ sanwó fún òkun.

Ọkọ̀ ni aya mi ń wí, ọkọ ni mo jẹ́;
àmì ohùn kan péré ló là wá láàrin.
Mo jókòó ti tábìlì,
ẹ̀yìn ìwé owó iná ni mo ti ń ṣírò.

Ọkọ̀ ńlá kọ́kọ́:
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn, ilé sinimá,
adágún ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́rin. Omi lórí omi, ẹ gbọ́ ná!
Oúnjẹ àjẹṣẹ́kù láti òwúrọ̀ di ọ̀gànjọ́.
Owó rẹ̀ kò ju èyí tí a fi mú ilé gbóná nígbà òtútù kan lọ.
Àbúrò mi Doddie wọ̀ ọ́ lọ́dún tó kọjá,
ó ní ìlà tí òun tò nítorí ẹyin díndín
gùn ju ìlà tí a tò sin òkú bàbá wa.

Ọkọ̀ kékeré wàyí:
ènìyàn méjìdínláàádọ́ta.
Wáìnì ọ̀fẹ́, ọ̀fẹ́ tí a ti san tẹ́lẹ̀.
Aṣọ ìnura tó nípọn bí irun àgùntàn,
ọmọkùnrin kan tí yóò máa pe orúkọ mi
bí ẹni pé a jọ dàgbà ní Peterhead.
Iye rẹ̀? Ìlọ́po mẹ́ta, ó lé díẹ̀.
Àlékún yẹn gan-an ni òrùlé ń bẹ̀ wá fún
láti ìgbà tí ìjì oṣù Èrèlé ti ṣí i.

Mo ní, "Ishbel, ṣebí òkun kan náà ni?
Ṣebí èébì kan náà la óò bì?"
Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á; mo gbà.
Ṣùgbọ́n mo ti jẹ ọbẹ̀ olówó ńlá rí
tó jẹ́ pé iyọ̀ nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò dá mi lóhùn.
Ó kàn fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan òkúta tó ń di ilẹ̀kùn mú,
òkúta dúdú tí ìyá ìyá rẹ̀ gbé kúrò ní erékùṣù
lọ́jọ́ tí àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù níbẹ̀
pa ilẹ̀kùn dé láìfi kọ́kọ́rọ́ tì í,
tí wọ́n wọkọ̀ láìbojúwẹ̀yìn.
Ishbel kò débẹ̀ rí.
Èmi ti pẹja yí i ká láìmọye ìgbà:
nínú kùrukùru, ó dà bí ẹ̀yìn màlúù tó dùbúlẹ̀.
N kò sọ fún un rí pé mo ń rí i.
Kí ló fà á? N kò mọ̀.

Ẹnu èbúté ibẹ̀ kò ju àlàfo eyín ọmọdé lọ.
Ọkọ̀ ńlá á dúró lókèèrè, á fọn fèrè,
ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọwọ́ á gbé fóònù sókè,
ó parí, ó di orí ijó.
Kékeré nìkan ló lè sún mọ́ ọn,
kó sọ ọkọ̀ rọ́bà kalẹ̀ sómi.

Mo tún ìṣirò ṣe.
Mo yọ wáìnì, mo yọ aṣọ ìnura,
mo yọ ọmọkùnrin tó ń pe orúkọ mi.
Ohun tó ṣẹ́kù ni irínwó mítà omi.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà pọ́n-ùn, irínwó mítà:
pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mítà kan.
Omi ò wọ́n tó báyìí rí lójú ayé mi.

Lówùúrọ̀ mo pe ọ́fíìsì wọn.
Mo bi obìnrin náà pé bí afẹ́fẹ́ bá ti ìwọ̀-oòrùn wá ńkọ́?
Ó dákẹ́. Ó ní, "Bàbá, a ò lè ṣèlérí pé ẹ máa fẹsẹ̀ tẹlẹ̀."
Mo rẹ́rìn-ín. Òkun kì í ka rìsíìtì.
N kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ishbel ti jáde lọ gba oògùn rẹ̀.
Mo fi bàtà mi kan di ilẹ̀kùn mú,
mo gbé òkúta náà sórí ìwọ̀n ìyẹ̀fun:
kílò mẹ́rin, ó lé díẹ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná, lábẹ́ iye òrùlé,
mo wá gòkè àjà lọ wo àpótí àtijọ́ yẹn,
bóyá ọwọ́ rẹ̀ ṣì le.