Ìdajì Búrẹ́dì

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n pàtẹ oúnjẹ sí pápá ilé-ìwé ní Kubwa,
mo ní n ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni,
n ó wo ojú ayé, n ó padà sílé lọ fọ aṣọ.
Irọ́ ni. Èmi fúnra mi mọ̀ pé irọ́ ni:
ta ní í mú ike olómorí mẹ́ta dání lọ wo ojú ayé?

Èéfín ló kọ́kọ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà,
èéfín ẹran tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n tò yí iná ká
bí àwọn àgbà tó ń yáná nígbà ọyẹ́.
Lẹ́yìn rẹ̀ ni máásà, funfun láàárín, pupa létí,
obìnrin kan ń fi ṣíbí yí i padà nínú agbada olójú méje,
kò wo agbada, èmi ló ń wò,
ó ti mọ̀ pé mo máa rà.

Mo jẹ máásà. Mo mu fúrá nínú igbá,
nọ́nò rẹ̀ kan díẹ̀, ó ta mí létè bí òótọ́ ọ̀rọ̀.
Ìyá arúgbó kan bu dàmbú sí àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́fẹ̀ẹ́,
ẹran tó ti di òwú, síbẹ̀ tó ṣì ń jẹ́ ẹran.
Àwọn obìnrin Gbàgyí ń kọjá, agbọ̀n lórí èjìká.
Wọn kì í gbé ẹrù lé orí.
“Orí ni ọba ara,” Asabe sọ fún mi,
“ta ní í di ẹrù lé ọba?”
Mo ronú kan orí tèmi, tó ti ru omi láti kékeré.
Mo bẹ̀ ẹ́.

Mo ra wàrà lọ́wọ́ ọmọbìnrin Fúlàní kan,
mo ra kílíṣí tó fẹ́lẹ́ bí ojú ewé ìwé àtijọ́.
Owó tán. Ọ̀fun ò tíì tán.

Ọjọ́ Àìkú, iná ti lọ láti òru,
firíìjì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.
Wàrà kò ní í dúró di ọ̀sán, èmi náà kò ní í dúró.
Mo gé búrẹ́dì, mo gé e nípọn,
nítorí bàbá mi tó ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kafanchan
a máa ní oúnjẹ aláìsàn ni búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.
Àkàrà mẹ́rin ló máa ń há sáàárín tirẹ̀,
a fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí epo yóò fi yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
a fi ìwé ìròyìn wé e, a tì í bọ àpò kóòtù,
ọkọ̀ ojú irin a sì gbé òun àti àkàrà lọ.
A ò mọ̀ nígbà náà pé ó ní orúkọ mìíràn.
Àwọn ọmọ mi ló wá sọ pé sáńwíìṣì ni.

Mo dín wàrà títí ara rẹ̀ fi pọ́n bí idẹ,
mo rẹ́ tòmátì, mo rẹ́ àlùbọ́sà, mo sunkún ọ̀fẹ́,
mo já ewé zogálè lẹ́yìn ilé, mo bọ̀ ọ́ fẹ́rẹ́,
mo rún kílíṣí lé gbogbo rẹ̀ lórí.
Mo fi búrẹ́dì kejì dé e,
mo tẹ̀ ẹ́ bí bàbá mi ti ń tẹ̀ ẹ́.
Mo búra, búrẹ́dì náà mí kanlẹ̀.

Ó tóbi ju ẹnu mi lọ. Mo gé e sí méjì,
mo gbé ìdajì lọ fún Málàm Sanda lẹ́nu géètì,
níbi tó ti ń da tíì láti òkè sínú kọ́ọ̀bù kékeré.
Ó gé e jẹ. Ó jẹ ẹ́ pẹ́.
Mo dúró de ìyìn bí ọmọ iléèwé.
“Màdáámù,” ó ní, “babu yájì.”
Ó kọwọ́ bọ àpò, ó yọ ọ̀rá kékeré kan,
ó ṣí búrẹ́dì mi lójú mi, láìtijú,
ó wọ́n ata náà sí i, ó tún un dé,
ó ní kí n lọ mú tèmi wá.

Mo mú un wá.
Imú mi ṣomi. Ojú mi pọ́n. Mo lá ìka.
“Ìgbà wo ni wọ́n tún máa pàtẹ?” ni mo bi í.
Ẹnu rẹ̀ kún; ìka mẹ́ta ló nà sókè,
n kò sì bi í bóyá ọjọ́ ni tàbí oṣù.