Ihò

Iná ti lọ ní Ṣàgámù. A tan àtùpà,
à ń ṣa obì, à ń jiyàn ọkọ̀ òfurufú.

Ṣótáyọ̀ ní: "Apá kẹrin ni ọ̀gá ọkọ̀ kú.
Ìṣojú wa ni wọ́n ṣe tì í síta, síbi tí kò sí afẹ́fẹ́.
Báwo ló ṣe tún ń bú awakọ̀ lápá keje?"

Ọ̀nàfowókàn ju obì tí kòkòrò ti lu ségbẹ̀ẹ́ kan.
"Ìbejì rẹ̀ ni."
"Ìbejì wo? Ta ló bí i?"
"Ṣe sùúrù, wọn ó sọ ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."
"Irọ́! Ẹni tó kọ ọ́ ló gbàgbé!"

Èmi ò bá wọn dá sí i.
Ọmọbìnrin ẹ̀bá fèrèsé ni mò ń rò,
tó fi ogójì ọdún retí bàbá rẹ̀
tí irun rẹ̀ ò sì tú.
Ta ló ń bá a dì í?

Ìyá Ọlọ́bì, tí kò wò ó rí,
gbójú sókè:
"Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń jẹ lọ́hùn-ún? Ìkọ́kọrẹ́ ni?"

Kẹ́kẹ́ pa.
Apá mẹ́sàn-án, kò sẹ́ni tó bu òkèlè.

Ni iná bá dé.
A da obì rere pọ̀ mọ́ oníhò,
a sáré wọlé lọ wo ẹ̀kẹwàá.