Lé àti Dín ní Ibùdókọ̀ Olten

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni èmi àti Beat Odermatt
fi jókòó sẹ́bàá fèrèsé kan náà,
tí à ń ṣírò ìwúwo ọkọ̀ ojú irin lórí afárá,
iye ẹrù tí irin lè gbà kó tó tẹ̀.
Mo mọ orúkọ oògùn tó ń lò sí ẹ̀yìn ríro.
Mo mọ ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kú, mo mọ kóòtù tó wọ̀ lọ síbi ìsìnkú.
N kò mọ iye tó ń gbà.

A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ;
ní ìlú tiwa, owó oṣù gan-an lọmọ tí a kì í kà.

Ní Oṣù Kejìlá kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà á dé,
funfun, fẹ́lẹ́, bí ètè ẹni tí kò fẹ́ rẹ́rìn-ín.
Inú agolo bisikíìtì ìyá mi àgbà ni mò ń kó wọn sí.
Ti àkọ́kọ́: ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ọgọ́rùn-ún fráǹkì.
Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni mo ti kà á, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi
tí mò ń jó.
Mo ra bàtà ìgunkè, awọ pupa.
Owó náà sì ń gùn: lọ́dún kan irinwó, lọ́dún kan igba,
lọ́dún tí mo bí Flurina, òdo.
Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ fún ìlàjì ọjọ́, owó padà ní ìlàjì,
ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún iṣẹ́ pé wọ́n ti là á sí méjì.

Owó oṣù kẹtàlá náà ń bẹ,
oṣù tí òṣùpá kankan kò ràn fún:
kó tó dé lówùúrọ̀, adójútòfò ìlera ti dúró lẹ́nu ọ̀nà,
agbowó-orí ti fa àga jókòó.

Nígbà tí mo pé ogójì ọdún, ó ń sáré.
Ní àádọ́ta, ó ń rìn.
Lẹ́yìn ìyẹn ó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà bí arìnrìn-àjò
tó rí ṣóńṣó òkè lókèèrè, tó ní, "Ó tó, mo ti rí i."
Ọ̀gá tuntun, ọmọdé tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún,
ń pè mí ní "ìrírí wa",
bí ẹni tó ń ka iye owó ọjà sókè.

Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo fi ń bínú sí Beat.
Torí pé ọkùnrin ni. Torí pé kò sí oyún tó dá a dúró.
Torí pé mo gbọ́ tí ọ̀gá àtijọ́ pè é ní "ọ̀rẹ́ mi"
lẹ́ẹ̀kan péré.
Mo ń gbé kọfí fún un, ìbínú wà lábẹ́ ṣíbí.
Mo ti ṣírò tirẹ̀ lọ́kàn mi: ẹgbàafà, ó kéré tán.

Lánàá ló fẹ̀yìntì. A jókòó ní ibùdókọ̀ Olten,
níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti ń pàdé, tí ẹnikẹ́ni kì í pẹ́ sí.
Kùrukùru bo odò Aare. Ó mu bíà kan, ó mu èkejì,
ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ìpànìyàn:
"Ursina, ẹgbàárùn-ún dín igba."

Tèmi ni ẹgbàárùn-ún ó lé irinwó.

Ẹgbẹ̀ta fráǹkì. Lóṣooṣù. Fún bí ọdún mẹ́wàá.
Lé wà lọ́dọ̀ mi. Dín wà lọ́dọ̀ rẹ̀.
Mo ní, "Ṣé o béèrè fún àfikún rí?"
Ó wo ìsàlẹ̀ ife. "Mo rò pé wọ́n á rí mi ni."

Èmi béèrè. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ yàrá ọ̀gá, tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n,
ìbínú sí Beat ni mo fi ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.
Ẹni tí mo fi ṣe òkè tí mò ń lé bá,
àfonífojì ló wà.

Ó ní, "Ìwọ ńkọ́?"
Mo ní, "Ó sún mọ́ tìẹ."
Ọkọ̀ ago méje kọjá ìṣẹ́jú méjì
dé ní ago méje kọjá ìṣẹ́jú méjì.
Mo sáré san owó bíà, tèmi àti tirẹ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú.
"Ursina, ó ti pọ̀ jù."