Pẹ́ńsù Ni Mo Fi Ń Ya Ọ̀nà

Pẹ́ńsù ni mo fi ń ya ọ̀nà, n kì í lo bírò.
Bírò a máa yájú. Ó kọ "Gbódòfọn" tán,
ilẹ̀ mọ́, katakata ti hú Gbódòfọn nídìí,
ọ̀rọ̀ bírò di irọ́ lórí ìwé mi.

Aago mẹ́ta òru. Ààrò búrẹ́dì ń mí gúlegúle.
Ọkọ̀ mẹ́ta la ní: Tìámíyù ń wa funfun,
Ọlátẹ́jú ń wa èyí tí wọ́n fi okùn so ilẹ̀kùn rẹ̀,
ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Ìta Olókan,
ó ti tó oṣù kan tí "ọ̀la" rẹ̀ kò tíì dé.

Bó bá di aago méje tí a kò tíì dé Olú-Òde,
Ìyá Fádèyí á ti gba ọjà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.
Á ní, "Ọmọ mi, má bínú,
ebi ò gbọ́ pé wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe."

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara afárá: ọjọ́ mẹ́rìnlá péré.
Mo ka mẹ́rìnlá. Mo ka ọgbọ̀n.
Odò kún lóru ọjọ́ kan,
ó kó yanrìn tí wọ́n dà sílẹ̀ lọ,
oókà tún padà sí ení.

Mo wá yà wọ́n gba ẹ̀yìn ilé-ìwé,
ọ̀nà tóóró tí mo mọ̀ láti kékeré,
tí mo gbàgbé pé ẹsẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe táyà.
Ọkọ̀ Ọlátẹ́jú wọ gọ́tà.
Ogójì búrẹ́dì tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìwé orin ìjọ.
Ọ̀gá yọ ọ́ nínú owó oṣù mi, kò yọ ọ́ nínú ti awakọ̀:
èmi ni mo ya ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì mo pa ìwé dé, mo gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀.
Ọ̀kan nínú àwọn lébìrà, Ọ̀ṣúngbèmí, ọmọ Ìrágbìjí,
jókòó lórí páìpù kọ́ńkéré, ó ń ha gaàrí gbẹ sẹ́nu.
Mo bi í pé, apá wo lẹ óò dí lọ́la?
Ó wò mí bí ẹni tí wọn kò bi léèrè rí.
Ó gbé gaàrí sílẹ̀, ó fi ẹnu ṣọ́bìrì yàwòrán sórí erùpẹ̀:
ọ̀sẹ̀ yìí, ọwọ́ òsì;
bí sìmẹ́ńtì bá dé, ọwọ́ ọ̀tún;
bí kò bá dé, a ó jókòó ni.
"Ṣùgbọ́n kó tó di aago mẹ́fà, kò séèyàn níbí, àfi èmi tí mo ń ṣọ́ irin.
Kí wọ́n fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, n óò gbé pákó kúrò."
Kí ni iye rẹ̀?
Búrẹ́dì méjì. Kó gbóná.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ ọ́ sókè ojú ìwé,
ṣáájú Olú-Òde, ṣáájú Òkè-Fíà:
Ìdúró kìíní: Kòtò.
Tìámíyù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
Lọ́sẹ̀ kejì, lébìrà mọ́kànlá ló ń dúró dè é nínú òkùnkùn,
tówótówó lọ́wọ́.

Wọ́n ti parí ẹ̀ báyìí. Ọ̀dà ń dán.
Mo fi ìrésà pa Kòtò rẹ́,
ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ lára ìwé, iná ń là á kọjá.
Tìámíyù ṣì ń tẹ búréèkì tó bá débẹ̀,
ó ṣì ń fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan, sí afẹ́fẹ́.

Lálẹ́ àná, fóònù dún. Ọ̀ṣúngbèmí ni.
Ó ní wọ́n ti já irin sílẹ̀ ní Òkè-Báálẹ̀, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ lọ́túnla.
Mo ní, dúró ná,
jẹ́ kí n gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù.