Ohun Tí Eyín Ń Jẹ Lóru

Sẹ̀nàmí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ.
Ó ní, "Bàbá Máwùtín, kí lẹ̀ ń lọ̀ lóru?
Ó dún bí ẹni ń fi òkúta ha ìdí ìkòkò."
Mo ní eku ni.
Eku wo ló ń gbé inú ẹnu ọkọ ẹni?

Nígbà tó yá, àárọ̀ fúnra rẹ̀ ń fi tó mi létí.
Bí mo bá yán, párì ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á dún kọ́,
bí ìlẹ̀kùn tí ìkọ́ rẹ̀ ti dípẹtà.
Ìka mẹ́ta kò wọ ẹnu mi mọ́,
méjì ń wọ̀ ọ́ tipátipá.
Àgbàdo sísun di ohun tí mo ń wò lọ́wọ́ ọmọdé.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi ní Ajárá,
nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá,
tí mo ń fi eyín bó àgbọn níwájú àwọn ọmọbìnrin:
"Ìwọ ń fi àgbọ̀n bó àgbọn.
Lọ́jọ́ kan, àgbọn á bó àgbọ̀n."
Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ẹnu mi ń là bí ẹnu ọ̀nì.

Ní ọsibítù ìjọba, Dókítà Ìbídùn
fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ etí mi,
ó ní kí n la ẹnu, kí n pa á dé, kí n tún là á.
Ó ń fetí sí ohun tí èmi ń sá fún.
Kò béèrè bí eyín ṣe ń ṣe mí. Ó ní,
"Bàbá, ta lẹ̀ ń bá jà?"

Mo ní mi ò bá ẹnikẹ́ni jà.
Bẹ́ẹ̀ oko àgbọn tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Tòpó
ti wà lórúkọ Hunsu àbúrò mi láti èṣí,
mi ò sì tíì sọ gbólóhùn kan.
Ọ̀rọ̀ tí ẹnu bá gbé mì lọ́sàn-án,
eyín ní í máa jẹ ẹ́ lóru.

Wọ́n kó nǹkan tó rọ̀ bí ògì dídì sí mi lẹ́nu
láti mọ bí eyín mi ṣe tò.
Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n gbé ike kan fún mi,
ó mọ́ gaara bí omi àgbọn,
ó tẹ̀ bí òṣùpá ọjọ́ kẹta.
"Alẹ́ nìkan o. Ẹ fọ eyín kí ẹ tó wọ̀ ọ́.
Tílẹ̀ bá mọ́, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti omi tútù,
kí ẹ fi sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ dé e.
Ẹ má sá a sóòrùn. Ẹ má jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án.
Kì í parí ìjà o. Eyín ló ń gbà sílẹ̀."

Lóru àkọ́kọ́, itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí ọmọ ọwọ́.
Lóru kejì, mo bọ́ ọ lójú oorun; abẹ́ ìrọ̀rí la ti rí i.
Lóru kẹsàn-án, Sẹ̀nàmí ní òun kò gbọ́ eku mọ́.

Àfi ìgbà tí ìyá ìyàwó mi dé láti Kútọ̀nú.
Ó rí i nínú àpótí,
ó ní ohun tó ń wọ ẹnu kò gbọdọ̀ ní kòkòrò,
ó da omi híhó lé e lórí tìfẹ́tìfẹ́.
Ó ká kò bí ewé tí iná rà.
Mo ṣì gbé e sẹ́nu: eyín kan gbà á, èkejì kọ̀ ọ́.
Mo tún san owó. Mo tún gba ògì dídì.

Dókítà gbé ti àtijọ́ sókè sójú fèrèsé.
Ìlà wà lára rẹ̀ tín-ín-tín-ín, lápá ọ̀tún,
bí ipa ẹsẹ̀ akàn lórí iyanrìn etí òkun.
"Ẹ wo ohun tó bá yín jẹ," ó ní.
Mo wò ó pẹ́.
Ó kù díẹ̀ kí n ka orúkọ kan níbẹ̀.

Lánàá, mo wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tòpó.
Mi ò tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.
Hunsu fi àdá bẹ́ àgbọn kan lórí, ó nà án sí mi.
Mo la ẹnu.
Kọ́.
Òun náà gbọ́ ọ.